Ta Ni Wọ́n Ń Pè Nínú Oko Àgbàdo?

Ẹ fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí atẹ́gùn lè wọlé. Látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀ ni oòrùn Houston ti ń yan wá bí àgbàdo. Ìgbà tó wá rántí pé òun náà lè tutù díẹ̀, ẹ tún fẹ́ tilẹ̀kùn, kí ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ jẹ́ kí n máa gbọ́ ariwo àwọn ọmọ àdúgbò níta. Èmi, ohùn ọmọdé ni mo fi ń mọ̀ pé ìgbà ewé jíjá ti dé, torí ewé ìlú yìí fúnra rẹ̀ kì í kánjú já.

Ìyàwó mi Ṣadé, ìwọ lo bi mí léèrè ọ̀rọ̀ nígbà tí à ń jẹun. O ní tíṣà daycare sọ pé Tèmi ọmọ rẹ kì í sọ̀rọ̀, pé bí wọ́n bá pè é kì í dáhùn, pé kí ẹ dá Yorùbá dúró nílé ná, kí ọmọ náà lè gbá èdè kan ṣoṣo mú. O ń wo ojú mi bí ẹni tó fọ́ àwo ìyá ọkọ rẹ̀. Mídé ọmọ mi, tó jẹ́ ọkọ rẹ, ń wo fóònù bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Mo gbọ́ ọ. Mi ò ní dá ọ lóhùn ní wàràwàrà, torí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ilé wa rí kí ìwọ tó wọ̀ ọ́. Ẹ gbé tíì mi súnmọ́ mi, kí n sọ ibi tí a ti bá a pàdé.

Gbogbo Richmond tí ẹ kọ́ ilé olókè sí yìí, oko ló pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà tí a dé. Àgbàdo ni, òwú ni, màlúù ni. Fondren Southwest ni àwa ń gbé, nínú apartment kan tó ní àgbàlá láàárín. Ilé náà kò lẹ́wà. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ìsàlẹ̀ ń kù rìrì látàárọ̀ dalẹ́, mọ́tò orí freeway ń hó lókèèrè, bí ẹni tó wà lókè bá sì jẹ gúgúrú, àwa tí a wà nísàlẹ̀ la ó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú àánú wò mí. A gbádùn ibẹ̀. Mo lè fọ́nnu pé kò sí ọmọ tó sunkún nínú àgbàlá yẹn tí ẹnì kan kò jáde wò ó.

Ìyá Ràfíù ló ń gbé ní ilẹ̀kùn kejì sí wa. Ará Ìwó ni, Mùsùlùmí ni òun àti ọkọ rẹ̀. Àwa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó láàárọ̀, òun ń fọ aṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì nírọ̀lẹ́. Bí mo bá ń jáde, màá gbé Mídé àti àbúrò rẹ̀ obìnrin kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí òun náà bá ń lọ, á gbé Ràfíù kọjá sọ́dọ̀ mi. Nígbà míì, orí àtẹ̀gùn la ti ń pàrọ̀ ọmọ. Ó rẹ̀ mí débi kan lọ́jọ́ kan, mo wẹ ọmọ tán, mo fi òróró pa á, mo wọṣọ oorun fún un, kí n tó rí i pé Ràfíù ni. Mídé ti jẹun yó, ó ti sùn nílé kejì. A fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í bá a tọ́ ọ. Lónìí, ẹ fi kámẹ́rà sí yàrá ọmọ, ẹ sì ń wò ó láti ibi iṣẹ́. Kámẹ́rà rí ọmọ tó ń sunkún, kò lè gbé e.

Ẹ tún wo kẹ̀kẹ́ tí ẹ fi ń ti Tèmi. Ó ní ibi ife, ó ní ibi fóònù, ó ní òrùlé. Ẹ̀yìn mi ni kẹ̀kẹ́ tèmi. Mo pọn àbúrò Mídé wọ móòlù, mo so ọ̀já mọ́ ọn gírígírí, mo gbé ẹrù sọ́wọ́ méjèèjì. Ìyá òyìnbó kan dá mi dúró, ó béèrè bóyá ọmọ ẹ̀yìn mi ń mí. Mo ní kó gbé etí sún mọ́ ọn. Ọmọ náà ń hanrun bíi bàbá rẹ̀ tó ń sùn lórí àga yìí. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun náà ì bá fẹ́ kí wọ́n pọn òun.

Ìgbà tí mo bí ọmọ kejì yẹn ni Ìyá Àgbà wá bá wa láti ilé. Ìyá tó bí bàbá Mídé ni mò ń sọ. Wọ́n gbé èlùbọ́ wá, wọ́n gbé ọṣẹ dúdú wá, wọ́n sì gbé ìgbálẹ̀ wá. Èmi ní, “Ìyá, ìgbálẹ̀ wà ní Houston.” Wọ́n ní, “Èyí tí èmi mọ̀wà rẹ̀ ńkọ́?” Ní gbogbo ìdájí ni wọ́n ń gbá iwájú ilé wa, wọ́n á gbá ti Ìyá Ràfíù mọ́ ọn, wọ́n á gbá a dé ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Ṣàà, ṣàà, ìró yẹn ló ń jí wa fún iṣẹ́. Ọkùnrin ará Mẹ́síkò tó ń tọ́jú ilé náà kọ́kọ́ bínú, ó rò pé wọ́n fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Nígbà tó yá, ó ń gbé kọfí wá fún wọn. Kò gbọ́ Yorùbá, wọn ò gbọ́ èdè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà.

Igi ńlá kan wà lẹ́yìn ilé tó ń so èso eléèpo líle. Pecan ni wọ́n ń pè é. Bí ó bá ti di ìgbà báyìí, èso náà á máa já sórí òrùlé mọ́tò, kò, kò, kò. Ìyá Àgbà ní àsálà òyìnbó ni. Wọ́n á kó Mídé àti Ràfíù lẹ́yìn, wọ́n á ṣà á kún abọ́, wọ́n á jókòó sílẹ̀, wọ́n á máa fi òkúta pa á. Ojú Ìyá Àgbà ti ṣú díẹ̀, àwọn ọmọ ló ń bá wọn yọ èyí tó há sínú èèpo. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọjọ́ ìkórè àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, Mídé gbé abọ́ àsálà òyìnbó yẹn dé iwájú pẹpẹ, ó ń rìn bí ọba. Ràfíù jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìyá rẹ̀, torí ó ní ọwọ́ òun wà nínú abọ́ yẹn, wọn ò lè fi òun sílẹ̀.

Ti alẹ́ tí àwọn ọmọ ìlú yìí ń da nǹkan bojú, tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kiri láti tọrọ súìtì ńkọ́? Wòlíì wa ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn. Ìyá Àgbà kò gbọ́ ìkìlọ̀, wọ́n sùn lọ nígbà ìwàásù. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí i, wọ́n bá àwọn eégún kéékèèké níwájú ilé. Ẹ rò pé Ìyá Àgbà sá? Wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ kú àbọ̀ o, ará ọ̀run.” Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà dúró, wọ́n sì bọ́ sí ìdí iná, wọ́n kó àkàrà gbígbóná jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpò oníkálukú. Nígbà tí mo fi dé láti ibi iṣẹ́, eégún kan ti ṣí ìbòjú sókè, ó ń jẹ àkàrà lórí àtẹ̀gùn wa, ìyá rẹ̀ sì ń béèrè ohun tí a fi ṣe é. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ilẹ̀kùn wa ni gbogbo wọn kọ́kọ́ kàn.

Ìrọ̀lẹ́ ló dùn jù. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ìyá gbogbo á jáde sẹ́nu ọ̀nà, a ó máa pe ọmọ wọlé. Ohùn kan níhìn-ín, ohùn kan lọ́hùn-ún, títí àgbàlá á fi dá. Ẹ̀yin ń fi aago sí ọmọ lọ́wọ́, ẹ ń tẹ̀ ẹ́ láti orí fóònù, ó ń ké pìn-ín pìn-ín.

Lórí pípe ọmọ yìí ni Ìyá Àgbà ti ṣòfin kan. Wọ́n kó Mídé àti Ràfíù jọ, wọ́n ní, “Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ yín, tí ẹ ò rí ẹni tó pè yín, ẹ má jẹ́. Nǹkan tó ń pe ọmọdé láti òkèèrè pọ̀. Àfi bó bá pe oríkì yín. Àjèjì lè gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ oríkì rẹ, ó mọ ẹ̀yìn tí wọ́n fi pọ̀n ọ́.” Àyìndé ni oríkì Mídé. Wọ́n sọ ọ́ di eré. Wọ́n á fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á ní, “Mídé.” Ọmọ á dákẹ́, á máa fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́. Wọ́n á ní, “Àyìndé.” Á fò sókè, á ní, “Mà!” Mo máa ń dúró sí ìdí iná, màá máa rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé eré náà máa bá wa dé oko.

Mídé wọ daycare nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rin. Tíṣà rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ, ó sì ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, òun kò sì mọ ilé wa. Olúmáìdì ló ń pe Olúmídé. Nígbà tí ìyẹn gùn jù fún un, ó gé e kù sí Máìdì. Ó máa pè é, ọmọ náà á máa to búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ. Kì í dáhùn, kì í sọ̀rọ̀. Tíṣà ránṣẹ́ pè wá, ó fi wá jókòó sórí àga kékeré tí orókùn wa fi kan àyà, ó ní bóyá èdè méjì ló dàrú mọ́ ọmọ náà lórí. Ó ní kí a dá èdè ilé dúró títí yóò fi gbọ́ ti ilé ẹ̀kọ́. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìwọ náà gbọ́ nìyẹn, Ṣadé, àfi bí ẹni pé wọ́n tọ́jú rẹ̀ dè ọ́.

Bàbá yín ń wa takisí nígbà náà, wọ́n sì ń kàwé lọ́wọ́. Ẹ̀rù ba wọn. Wọn ò fẹ́ kí ọmọ wọn dà bí ẹni tó gọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe jókòó sídìí oúnjẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní, “Láti òní lọ, English nìkan la ó máa sọ nílé yìí.”

Ìyá Àgbà gbé òkèlè sílẹ̀. “Ó dáa. Èmi ńkọ́? Ṣé kí n máa bá ògiri sọ̀rọ̀ ni?”

“Màámi, fún ìgbà díẹ̀ ni. Ẹ máa gbọ́ díẹ̀díẹ̀.”

“Ẹnu mi yìí ni mo fi kọ́ ìwọ náà lọ́rọ̀,” ni Ìyá Àgbà wí. “O sì mọ̀wé lé e lórí.”

Ìyá Àgbà dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì fa àpò wọn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní bí ọkọ̀ òfuurufú bá wà tó ń lọ sílé, kí ọmọ wọn bá wọn wò ó. Wọn ò pariwo. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pariwo.

Ilé wa wá dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà ní àwọn kì í rú òfin onílé, wọ́n sì ń fi ọwọ́ júwe. Wọ́n á nawọ́ sí omi, wọ́n á nawọ́ sí bàtà ọmọ. Mídé á máa tẹ̀ lé wọn káàkiri, á máa wo ẹnu wọn, bí ẹni tó ń dúró de ohun tí wọ́n máa mú jáde nínú rẹ̀. Ilé kò gbọ́ oríkì mọ́ nírọ̀lẹ́. Èmi náà ń sọ English fún ọmọ mi, ó ń jáde lẹ́nu mi bí ẹni tó ń ka ìwé ìlò oògùn. Inú mi bàjẹ́ gidigidi. Mo fẹ́ kí ọmọ mi yege níta, mi ò sì fẹ́ kí ìyá ọkọ mi fi ìtìjú kúrò nílé mi. Bí mo bá di apá kan mú, apá kejì á máa bọ́.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e ni daycare pe gbogbo òbí sí oko elégédé kan lọ́nà Richmond níbí. Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni. A wọ takisí, gbogbo wa, Ìyá Àgbà sì jókòó níwájú. Wọn ò tíì fọhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé oko, tí wọ́n rí elégédé rẹrẹ nílẹ̀, ojú wọn là. Àwọn èèyàn ń yan èyí tó rí rogodo, tí wọ́n máa gbẹ́ ojú àti imú sí lára. Ìyá Àgbà ń fi èékánná tẹ ẹ̀yìn wọn wò, wọ́n ń fi ìka kàn án, wọ́n sì ń gbé etí sí i. Èyí tí wọ́n gbé wá burẹ́wà, ó wọ́ ní ìdí. Mo mọ̀ pé ìkòkò ló ń lọ.

Katakata kan ń fa àwọn ọmọ kiri lórí koríko gbígbẹ. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni àgbàdo wà, àgbàdo tó ti gbẹ, tó ga ju èèyàn lọ, tí wọ́n la ọ̀nà wọ́lọ́kọwọ̀lọkọ sáàárín rẹ̀ kí èèyàn lè wọ̀ ọ́ kó má mọ ibi tí yóò gbà jáde. Mo fi ọwọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún Ìyá Àgbà títí ó fi sú mi, mo sì fi Yorùbá sọ ọ́. Wọ́n wò mí. “Wọ́n sanwó kí wọ́n lè sọnù?” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ lọ́sẹ̀ náà nìyẹn.

Àwa àti àwọn ọmọ tó kù wọ inú àgbàdo. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti tún ọ̀já so. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, mi ò rí Mídé.

Mo pè é. Bàbá rẹ̀ pè é. Ewé àgbàdo gbígbẹ ń pariwo, katakata ń kù, ohùn wa kò ju ìdí àgbàdo mélòó kan lọ. Àwọn òbí yòókù bá wa wá a. Àwọn tó ni oko gbọ́, wọ́n pa katakata, wọ́n ní gbohùngbohùn kan wà lórí òpó tí gbogbo oko máa ń gbọ́. Tíṣà gba ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí lọ́wọ́ wọn, ó ké pe Olúmáìdì, ó ké pe Máìdì. Kò sí ìdáhùn. Bàbá yín gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rántí pé wọ́n ti ṣòfin English. Wọ́n ní, “Mídé, come to Daddy! Come to Daddy!” Bàámi ni ọmọ náà ń pè wọ́n láti kékeré, gbohùngbohùn náà sì sọ ohùn wọn di ohùn agogo fífọ́. Oko dákẹ́. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo ń sunkún, mo sì ń yẹ ìdí àgbàdo kọ̀ọ̀kan wò. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn oko náà. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ odò yẹn fún mi, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń wo apá ibẹ̀.

Ìyá Àgbà gbé elégédé wọn sílẹ̀. Wọ́n rìn dé iwájú bàbá yín, wọ́n ní, “Ọmọ náà ń gbọ́. Èmi ni mo ní kó má jẹ́. Gbé nǹkan yẹn wá.”

Bàbá yín wo tíṣà. Wọ́n wo ìyá wọn. Wọ́n gbé e fún wọn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá Àgbà kò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e jẹ. Wọ́n ní: “Àyìndé. Àyìndé ọkọ mi. Àyìndé ọmọ agbẹ̀dẹ, ọmọ ẹwìrì tí ń fẹ́ná kí ará ilé tó jí. Ọmọ a-rọ-ọkọ́-fún-ará-oko. Àyìndé o, èmi ni mò ń pè ọ́, èmi tí mo gbé ọ pọ̀n.” Ohùn náà wọ inú àgbàdo lọ, ó kọjá dé orí títì. Àwọn tó ń yan elégédé dúró. Bàbá Òyìnbó kan ṣí fìlà rẹ̀. Mo rò pé ó rò pé àdúrà ni, bóyá kò sì ṣìnà púpọ̀.

A wá gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan láti àárín oko.

“Mà!”

Àgbàdo mì, ó mì bọ̀, Mídé yọ jáde pẹ̀lú koríko lórí. Kò sunkún. Ó sáré kọjá lára èmi tí mo bí i, ó lọ dì mọ́ ìró Ìyá Àgbà, ẹnu rẹ̀ sì ṣí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹnu yẹn ṣí. Ó ní, “Mo rí aṣọ́komásùn kan, ó wọ fìlà bíi ti Bàámi, mo jókòó tì í kó má baà dá nìkan wà. Wọ́n ń pe ẹnì kan, wọ́n ń pè é ṣáá. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Ẹnì kan sì ń sọ English, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ Daddy. Mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò lọ.”

Tíṣà kúnlẹ̀ tì wọ́n, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó béèrè ohun tí ọmọ náà sọ. Bàbá yín fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n túmọ̀ ti aṣọ́komásùn, wọ́n túmọ̀ ti fìlà. Nígbà tí wọ́n dé ibi “mi ò mọ̀ ọ́n,” wọ́n fi fìlà bojú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo rí i tí ọkọ mi sunkún lójú àwọn àlejò nìyẹn. Tíṣà náà wá ní kí a kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ náà. Ìyá Àgbà ló kọ́ ọ. “Mí. Dé.” Wọ́n ń gbé ọwọ́ sókè fún un bí olùdarí akọrin. Ó gbìyànjú títí ó fi gbà. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, bó bá pe ọmọ náà, ó ń dáhùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a jẹ elégédé burúkú yẹn pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹja gbígbẹ, Ìyá Ràfíù àti ọmọ rẹ̀ sì bá wa jẹ ẹ́. Bàbá yín na àwo. “Màámi, ẹ bá mi bu ọbẹ̀ sí i.”

Ìyá Àgbà gbé etí síwájú. “Kí lo wí? Mi ò gbọ́ English.”

Ìyá Ràfíù fẹ́rẹ̀ẹ́ tu omi dànù fún ẹ̀rín. Bí òfin yẹn ṣe kú nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ̀rọ̀ ìsìnkú lórí rẹ̀. Àpò Ìyá Àgbà wà nílẹ̀ yàrá, wọn ò tì í padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọn ò sì gbé e lọ síbì kan. Wọ́n tẹ́ aṣọ sórí rẹ̀, wọ́n sá hóró elégédé sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tòlótòló kí n tó gbàgbé, torí ọdún kan náà ni. Ọjọ́ ìdúpẹ́ tí ìlú yìí ń ṣe dé, ibi iṣẹ́ fún mi ní tòlótòló odidi. Mo fi í sílẹ̀ kí ó yọ́, mo lọ síṣẹ́, mo fẹ́ wá fi í sínú ààrò bí mo ṣe rí i nínú àwòrán. Nígbà tí mo dé, Ìyá Àgbà ti gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n ti bọ̀ ọ́, wọ́n ti dín in, ata ti wọ̀ ọ́ dé eegun. Mídé gbé àwo kan lọ fún tíṣà rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó mu omi, ó tún jẹ ẹ́. Láti ìgbà yẹn, tí n bá sun tòlótòló lódidi, bàbá yín á béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹnì kan ń ṣàìsàn.

Àgbàlá yẹn ti lọ. Wọ́n ti tún ilé náà kùn, wọ́n fi ọgbà yí i ká, wọ́n gé igi àsálà òyìnbó. Ìyá Àgbà padà sílé nígbà tó wù wọ́n, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi di àpò, wọ́n sì ti sùn lọ́dọ̀ àwọn bàbá wọn. Ìyá Ràfíù ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. A ń pe ara wa, eegun orúnkún wa la sì ń sọ. Lójú títì yín níbí, bí ẹni tó fẹ́ wá kí yín kò bá kọ̀wé sórí fóònù tẹ́lẹ̀, ẹ ó ti máa yọjú láti ojú fèrèsé. Mi ò bá yín jà. Ìgbà lonígbà ń lò.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Mídé bó ṣe jókòó yẹn. Wọ́n ní kò ní lè sọ̀rọ̀. Lónìí, ó ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ní The Woodlands, àwọn òyìnbó á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á máa dúró de ohun tó máa sọ, wọ́n sì ń sanwó fún un nítorí rẹ̀. Bó sì bá padà dé, ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ gidi, pẹ̀lú òwe. Èdè méjèèjì gba ẹnu rẹ̀, kò ya. Mo yangàn, mo ń yangàn, ẹ jẹ́ kí n yangàn. Èmi àti Ìyá Àgbà la ṣe é.

Ṣadé, mo ti dá ọ lóhùn tán. O ní ibí la bí ọ sí, pé Yorùbá tìẹ kò tó nǹkan, pé bí o bá sọ ọ́, àwọn ẹbí ọkọ rẹ á máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọmọ rẹ dà? Ó wà lókè láti ìgbà tí a ti jẹun tán. Mo gbọ́ tí o pe Temmy, Temmy, o tẹ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ké pìn-ín pìn-ín, ọmọ kò dáhùn. Mo fún un ní oríkì lọ́jọ́ tí a kó o jáde, èmi sì ń pè é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ tí mo bá wà níbí. Ìwọ kò pè é rí.

Dìde, lọ dúró sí ìdí àtẹ̀gùn yẹn. Mídé, gbé fóònù sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín nínú yín.

Pè é. Àbẹ̀kẹ́.

Ó dára, ó wọ́ díẹ̀, o pè é bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Gbóhùn sókè, pè é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ dákẹ́ ná.

Ẹsẹ̀ ta ni mò ń gbọ́ lórí àtẹ̀gùn yẹn?